Àpótí Mẹ́ta Nínú Búùtù

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí pákó, ayùn àti búùtù ọkọ̀, ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin fẹ́ràn láti máa pàgọ́ sùn níta. Bí ìsinmi bá ti dé, a ó kó àgọ́, ẹní, ìkòkò àti ohun jíjẹ sínú ọkọ̀, a ó sì forí lé ibi tí òkè tàbí odò bá wà. Lọ́dún tó kọjá, Àdó Àwáyè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a lọ, nítorí adágún Ìyákẹ̀ tí ó wà lórí òkè níbẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé, òjò sì ń bọ̀, a bá pàgọ́ sí ẹsẹ̀ òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ilẹ̀ mọ́ kí a tó gùn ún.

Ní òru, mímí àbúrò mi yí padà. Ó ní ásímà láti kékeré, mo sì mọ ìró náà dáadáa. Ìnhélà rẹ̀ wà nínú báàgì kékeré kan. Báàgì náà wà lábẹ́ ìkòkò. Ìkòkò wà lábẹ́ tapólì. Fóònù mi ti kú láti ìrọ̀lẹ́. Tọ́ọ̀ṣì tí ǹ bá fi wá báàgì náà, inú báàgì náà gan-an ni ó wà. Mo da gbogbo ẹrù búùtù sínú òjò, mo ń fọwọ́ tálẹ̀ bí afọ́jú. Nígbà tí mo fi rí i, àbúrò mi kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ ni ó ń jù sí mi. Ó fà á, ó tún fà á, mímí rẹ̀ sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A kò sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, a kò sì gun òkè náà.

Nígbà tí màmá wa gbọ́, wọn kò bú wa. Wọ́n kàn ní, “Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.”

Èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì. Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi bí a ti ń di ayùn mú. Síbẹ̀, mo lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà, n’Ìbàdàn, mo ra plaíwúùdù méjì tí ó nípọn ní mílímítà 12. Odidi kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Mo kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Káfíńtà àdúgbò wa, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá mi ní irinṣẹ́, kí wọ́n sì máa wo ọwọ́ mi.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ibi tí ó fún jù lọ nínú búùtù ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ní tiwa, àárín ibi tí irin orí táyà ti yọ sínú ni. Sẹ̀ǹtímítà 100 ni ó jẹ́. Ẹ wọn ẹnu búùtù pẹ̀lú, nítorí àpótí tí inú ọkọ̀ gbà lè má gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ètò mi ni àpótí ńlá méjì tí yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 48, tí ó gùn ní 60, tí ó sì ga ní 35. Àti kékeré gbọọrọ kan tí yóò dábùú ẹnu búùtù. Ìlọ́po méjì 48 jẹ́ 96. Mo rò pé àyè ṣẹ́kù.

Kí n tó kan ìsàlẹ̀ wọn, mo gbé àpótí ńlá méjèèjì lọ dán wò. Wọn kò wọlé. Mo ti gé pákó iwájú àti ti ẹ̀yìn ní 48 gééré, mo wá kan ti ẹ̀gbẹ́ mọ́ wọn láti ìta. Ìnípọn pákó méjèèjì fi 2.4 kún un, àpótí kan di 50.4, méjèèjì di 100.8. Mílímítà 8 péré ni ó dójú tì mí. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, inú àpótí ni o wọ̀n. O gbàgbé pé igi fúnra rẹ̀ ń jẹ àyè. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Mo tú u, mo tún un gé ní 45.6.

Wọ́n tún kọ́ mi pé ẹnu ayùn máa ń jẹ nínú pákó, nítorí náà kí n máa fa ìlà kan, kí n gé e, kí n tó fa òmíràn. Kí n fi dírìlì lu ihò tín-ín-rín kí n tó ti sukúrù bọ̀ ọ́, kí etí pákó má baà là. Kí n wọ̀n láti igun dé igun. Bí méjèèjì bá dọ́gba, àpótí náà gún. Kí n sì fi fáníìṣì kun etí pákó ju ojú rẹ̀ lọ, nítorí etí ni omi ń gbà wọlé.

Àpótí ọwọ́ òsì ni ti ìdáná, ti ọwọ́ ọ̀tún ni ti àgọ́ àti kúbùsù. Lófìfo, ọ̀kan wúwo tó bíi kílò 9, nítorí náà n kì í kó ohun tí n kò lè dá gbé sínú rẹ̀. Mo fi bẹ́líìtì dè wọ́n mọ́ ìkọ́ irin ilẹ̀ búùtù, torí bí a bá tẹ bíréèkì lójijì, àpótí tí a kò so di òkò. Kékeré tó wà lẹ́nu búùtù ni ti ohun tí ọwọ́ ń wá lóru: tọ́ọ̀ṣì, ìṣáná, báńdéèjì, ẹ̀wù òjò. Mo dá àlàfo kan sí igun rẹ̀ fún ìnhélà. Àlàfo yẹn ni mo fi ń yangàn jù.

Àbúrò mi wò ó títí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ṣé inú ọkọ̀ tí oòrùn ń yan yìí ni ẹ fẹ́ kí n fi oògùn sí?” Òótọ́ ni. A kì í fi agolo ìnhélà sínú ooru ọkọ̀ títì, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í fi gáàsì ìdáná síbẹ̀. Ó rán àpò kékeré kan láti ara àjákù aṣọ òkè, ìnhélà wà nínú rẹ̀ ní ìbàdí rẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá jáde. Òmíràn wà nínú báàgì èmi náà, tí kì í kúrò léjìká mi.

A padà sí Àdó Àwáyè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ní alẹ́, mo ní kí ó di ojú rẹ̀, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì wá. N kò tíì ka dé mẹ́wàá tí iná fi tàn sí mi lójú. Ní òwúrọ̀, a gun òkè náà dé ìdí adágún.

Àlàfo igun àpótí náà ṣì ṣófo. N kò fi nǹkan kan sí i. Ó ń rán mi létí pé kí n tó fi ayùn kan igi, ó yẹ kí n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo ń ṣe é fún. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó rin ìrìn àjò yín tó kàn, ẹ ṣí búùtù yín lóru, ẹ pa iná, kí ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín yóò kọ́kọ́ bà. Ó dìgbà kan ná.