Ó Yẹ Kí Ọlọ́pàá, Ilé-Ẹjọ́ àti Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Máa Fi Ọ̀rọ̀ Tó Ara Wọn Létí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé ẹni tí yóò bá dá ẹjọ́ gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ kí ó tó la ẹnu rẹ̀. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà wa yìí, bí ẹjọ́ ọ̀daràn bá bàjẹ́, kì í sábà jẹ́ nítorí pé adájọ́ kò gbọ́n tàbí pé òfin kò sí. Ohun tí ó sábà ń fà á ni pé ohun tí ọlọ́pàá mọ̀ kò dé ilé-ẹjọ́, ohun tí ilé-ẹjọ́ sọ kò dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, ohun tí wọ́dà sì ń fi ojú ara rẹ̀ rí lójoojúmọ́ kò dé etí ẹnikẹ́ni. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí a fi dandan mú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí láti máa fi ọ̀rọ̀ tó ara wọn létí ní àkókò tí òfin dá, àti pé inú ọgbà ẹ̀wọ̀n gan-an ni ó yẹ kí ìròyìn náà ti máa bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí ẹjọ́ ọ̀daràn ń tọ̀. Bí wọ́n bá mú ènìyàn fún ẹ̀sùn ìpànìyàn, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú un lọ. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní abala 35, sọ pé kí wọ́n gbé e dé ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé-ẹjọ́ bá wà ní ibi tí kò ju kìlómítà 40 lọ, tàbí láàárín ọjọ́ méjì bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bí ilé-ẹjọ́ bá rí ìdí láti sún un síwájú. Ṣùgbọ́n adájọ́ Májísíréètì tí wọ́n ń gbé e lọ bá kò ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn. Nítorí náà, yóò ní kí wọ́n fi ẹni náà pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí àwọn ọlọ́pàá sì fi fáìlì ẹjọ́ náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ fún ìmọ̀ràn. Bí àwọn lọ́yà ìjọba bá ka fáìlì náà tán, wọn yóò sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí ó bá wà, ó di ilé-ẹjọ́ gíga nìyẹn.

Ẹ wo bí ọwọ́ tí ẹjọ́ kan ṣoṣo ń gbà kọjá ti pọ̀ tó! Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ọlọ́pàá. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni ilé-ẹjọ́ Májísíréètì àti àwọn lọ́yà ìjọba tí ń gbani nímọ̀ràn. Ìjọba àpapọ̀ náà ni ó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àtúnṣe òfin ọdún 2023 ti fi àyè gba àwọn ìpínlẹ̀ láti dá sí i. Olúkúlùkù ní ọ̀gá tirẹ̀ àti rẹ́jísítà tirẹ̀. Ẹnìkan náà lè ní nọ́ńbà kan ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó ní òmíràn ní kóòtù, kí ó sì tún ní ẹ̀kẹta ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bí akọ̀wé kan bá wá ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, ó di ẹni mẹ́ta lórí ìwé.

Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ọmọ bá fẹ́ kúrò ní ilé-ìwé wa lọ sí ilé-ìwé mìíràn, a kì í jẹ́ kí ó lọ lọ́wọ́ òfo. A ó kọ ọjọ́ tí ó wọlé, kíláàsì tí ó wà, bí ó ti ṣe nínú ìdánwò àti irú ìwà tí ó ń hù sínú ìwé kan, ọ̀gá ilé-ìwé yóò sì fọwọ́ sí i. Olùkọ́ tí yóò gbà á lọ́hùn-ún kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí ẹni tí ó jẹ́. Bí a bá lè ṣe èyí fún ọmọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí ni ó dé tí a kò fi lè ṣe é fún ẹni tí òmìnira rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa?

Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá já lágbedeméjì? Wọ́n lè gbé ọlọ́pàá tí ó ṣe ìwádìí ẹjọ́ náà kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Máídúgùrì, kí fáìlì rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹlòmíràn kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àwọn lọ́yà ìjọba yóò máa retí fáìlì, ilé-ẹjọ́ yóò máa retí ìmọ̀ràn àwọn lọ́yà, ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé yóò sì máa retí gbogbo wọn. Ilé-ẹjọ́ lè sún ẹjọ́ sí ọjọ́ mìíràn láìjẹ́ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n gbọ́. Ọjọ́ yóò pé, ọkọ̀ kò ní gbé ẹni náà wá. Ẹlẹ́rìí tí ó fi oko sílẹ̀, tí ó wọ mọ́tò wá láti abúlé, yóò padà sílé lásán. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ta ni yóò bá a wí bí kò bá wá mọ́? Báyìí ni ẹni tí ó jẹ̀bi ṣe ń rí ọ̀nà bọ́, tí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì ń fi ọdún ṣòfò.

Èyí kì í ṣe àsọdùn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àwọn agbébọn kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgo ní ìlú Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe àlàyé, ó hàn pé ènìyàn 907 ni ó wà níbẹ̀ kí ìkọlù náà tó wáyé. Nínú wọn, 64 péré ni ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Àwọn 843 yòókù ni ẹjọ́ wọn kò tíì parí. Bí a bá ṣírò rẹ̀, nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó ń sùn nínú ọgbà náà, ó lé ní mẹ́sàn-án tí adájọ́ kankan kò tíì pè ní ọ̀daràn. Bí a bá sì kó gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà pọ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń dúró de ìdájọ́. Òfin sọ pé ẹni tí a kò tíì dá lẹ́bi, aláìlẹ́bi ni. Ta ni ó ń sọ èyí fún àwọn 843 wọ̀nyẹn?

Ohun tí ó ya ni lẹ́nu jù ni pé òfin tí ó lè wo àrùn yìí sàn ti wà nílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2007. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2015, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù sì ní tiwọn pẹ̀lú. Òfin ọdún 2015 yìí ní kí ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá máa fi ìròyìn gbogbo ẹni tí wọ́n mú láìsí ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí adájọ́ Májísíréètì tí ó sún mọ́ ọn jù, ní ọjọ́ iṣẹ́ tí ó kẹ́yìn oṣù kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí adájọ́ náà máa bẹ àgọ́ ọlọ́pàá wò lóṣooṣù. Ó fún àwọn lọ́yà ìjọba ní ọjọ́ 14 láti fi ìmọ̀ràn sílẹ̀ lẹ́yìn tí fáìlì bá dé ọwọ́ wọn. Ó ní kí ìdájọ́ tí ilé-ẹjọ́ bá ṣe dé ibi tí ọlọ́pàá ń kó àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀daràn pamọ́ sí láàárín ọjọ́ 30. Ó sì ní kí ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n máa fi orúkọ àwọn tí wọ́n ti lò ju ọjọ́ 180 lọ láìparí ẹjọ́ ránṣẹ́ sí adájọ́ àgbà ní ọjọ́ 90 ọjọ́ 90. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ọdún 2019 tún fi kún un pé bí ọgbà kan bá kún ju agbára rẹ̀ lọ, kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìpínlẹ̀ náà fi tó adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ létí láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ni ó wá kù? Ohun tí ó kù ni pé ẹni tí kò bá fi ìròyìn ránṣẹ́, kò sí ohun tí ó ń ṣe é. Rẹ́jísítà tí ọ̀gá kì í yẹ̀ wò kì í pẹ́ tí yóò fi kún fún irọ́. Àwọn adájọ́ àgbà a máa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà mìíràn láti tú àwọn tí wọ́n dá dúró láìtọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi láìdí ihò rẹ̀, yóò gbọ́n ọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Àìfọ̀rọ̀tónilétí kì í ṣe ìyà ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn nìkan. Ó ń fi àwọn ará ìlú náà sínú ewu, kò sì mọ sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 2002, ní ìlú Soham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ian Huntley, tí ó ń ṣiṣẹ́ olùtọ́jú ọgbà ilé-ìwé, pa ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kí ó tó dé ibẹ̀, oríṣiríṣi ẹ̀sùn ni àwọn ọlọ́pàá agbègbè Humberside ti gbọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan tí ó dé etí àwọn tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Sir Michael Bichard ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Ọ̀kan nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí gbogbo ọlọ́pàá ilẹ̀ náà ní ibì kan tí wọn yóò ti máa pín ohun tí wọ́n mọ̀. Ọdún 2011 ni irú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìlú tí ó ní kọ̀ǹpútà ni èyí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ìlú tí kò ní.

Àwọn kan lè sọ pé ó léwu láti máa pín ọ̀rọ̀ káàkiri. Wọ́n á ní àṣírí ìwádìí lè tú sí ọ̀daràn lọ́wọ́, àti pé ẹ̀sùn irọ́ lè tẹ̀ lé ènìyàn dé ibi gbogbo bí òjìji. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fi ààlà sí i. Wọ́dà kò nílò láti mọ orúkọ ẹni tí ó ta ọlọ́pàá lólobó. Ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ ni ọjọ́ ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ tí yóò gbọ́ ọ, àti ọjọ́ tí ìwé ìfinipamọ́ yóò tán. Bí ilé-ẹjọ́ bá sì dá ẹnìkan sílẹ̀, ìròyìn ìdásílẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibi gbogbo tí ìròyìn ẹ̀sùn rẹ̀ dé. Àìpín ọ̀rọ̀ kò gba aláìṣẹ̀ là. Òun gan-an ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀sùn wà lórí ìwé nígbà tí ìdáláre kò sí níbẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní kò sí owó, kò sí iná mànàmáná. Kọ̀ǹpútà dára, bí agbára bá ká a, kí a rà á. Ṣùgbọ́n kò di ìgbà tí a bá rà á kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ní ayé àwọn baba wa, bí baálé kò bá lè parí ẹjọ́, ó di ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò. Bí ti ìjòyè bá tì, ó di ààfin. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ni yóò rò ó fún ẹni tí ó kàn. Kò sí ìwé, kò sí iná, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í sọnù lọ́nà.

Lójú tèmi, ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí a ṣe. Èkínní, kí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan ṣoṣo láti àgọ́ ọlọ́pàá títí dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Èkejì, kí ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n máa kọ orúkọ àwọn tí ọjọ́ wọn ti kọjá sínú ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, akọ̀wé kóòtù àti àwọn lọ́yà ìjọba. Wọ́dà ni ó ń rí ènìyàn yẹn láràárọ̀. Àwọn yòókù, fáìlì ni wọ́n ń rí. Ẹ̀kẹta, kí ọlọ́pàá tí wọ́n bá gbé lọ sí ibòmíràn má ṣe kúrò títí yóò fi fa gbogbo fáìlì ọwọ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀kẹrin, kí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ máa tẹ orúkọ àgọ́ ọlọ́pàá àti ọgbà ẹ̀wọ̀n tí kò bá fi ìròyìn ránṣẹ́ jáde fún gbogbo ayé rí. Ìtìjú a máa ṣe ohun tí ìbẹ̀bẹ̀ kò lè ṣe.

Ní ìparí, ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ọlọ́pàá kò lè dá ìlú tún ṣe, adájọ́ kò lè dá a ṣe, wọ́dà náà kò lè dá a ṣe. Bí wọn kò bá bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀daràn ni yóò máa rí àyè láàárín wọn, aláìṣẹ̀ ni yóò sì máa há sí àárín wọn. Òfin ti wà, ọjọ́ ti wà nínú òfin. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọjọ́ náà, nítorí pé ẹni tí ó wà nínú àtìmọ́lé ń kà á.