Owó Mọ̀lẹ́bí àti Ìwé Àdéhùn



Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Mile 2 wá sí Marina, lẹ́bàá CMS. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láràárọ̀ kò níye. Àwọn kan ń lọ sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó ń gba ọ̀nà Balógun àti Ìdúmọ̀tà lọ láti dá òwò tiwọn sílẹ̀. Ohun rere ni. Èyí tí ó ń bà wá lẹ́rù ni owó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé ó kéré, bí kò ṣe pé kò sí ẹni tí ó lè sọ irú owó tí ó jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n yóò kó owó fún àbúrò, yóò ní, "Gba èyí, lọ fi ra ọjà." Ṣé ẹ̀bùn ni? Ṣé gbèsè ni? Àbí ẹ̀gbọ́n ní ìpín nínú òwò náà? Ìtìjú kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè. Bí ọjà bá tà, ẹ̀gbọ́n á ní ìdajì ni tòun. Bí kò bá tà, á ní gbèsè ni. Àbúrò ní tirẹ̀ ti kà á sí ẹ̀bùn láti ọjọ́ tí ó ti gbà á. Irú ẹjọ́ báyìí ni wọ́n ń gbé wá bá àwọn àlùfáà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, láìsí ìwé, láìsí ẹlẹ́rìí, tí ọmọ ìyá méjì á sì fẹ́ fi Àlùkùránì búra.

Àlùkùránì yìí gan-an ti là wá lọ́yẹ̀. Ẹsẹ tí ó gùn jù nínú rẹ̀, ẹsẹ 282 nínú Súrátùl Bàkárà, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé: kí á dá ọjọ́ ìsan, kí akọ̀wé ṣe òdodo, kí ẹlẹ́rìí wà, ìbáà jẹ́ owó kékeré. Kò yọ ọmọ ìyá sílẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí owó yín bá ọmọ yín ṣòwò, ọ̀nà kan wà tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní mudaraba. Irú rẹ̀ ni Nana Khadijah bá Ànábì wa lò kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn, nígbà tí ó fi ọjà rán an lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Olówó mú owó wá, oníṣẹ́ mú iṣẹ́ wá, wọ́n á sì fẹnu kò lórí bí èrè yóò ṣe pín. Bí òfò bá dé láìṣe pé oníṣẹ́ jalè tàbí pé ó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọjà, olówó ni ó fara gba òfò owó. Oníṣẹ́ pàdánù làálàá rẹ̀.

Ibí yìí ni kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ fẹ́ kí ọmọ náà máa mú iye kan wá lóṣooṣù, ọjà tà, ọjà kò tà. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ẹ fún un ní N500,000. Lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti owó ṣọ́ọ̀bù, ó jèrè N40,000. Ẹ ní N50,000 ni ẹ̀yin ń gbà. Níbo ni N10,000 yòókù yóò ti wá? Inú owó ọjà ni, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì jẹun. Èlé ni ìyẹn, ìbáà jẹ́ ìyá ọmọ ni ó ń gbà á, kò sì sàn ju ti àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù.

Ojú ìwé kan tó, èdè Yorùbá sì tó: iye owó, irú owó tí ó jẹ́, bí èrè yóò ṣe pín, ìgbà tí ẹ ó máa ṣírò, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá kú. Èyí tí ó kẹ́yìn ni àwọn ènìyàn ń sá fún jù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé owó bàbá àwọn wà nínú ọjà ní Òkè Àrín, tí àbúrò sì dákẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí wọ́n kà á sí i létí níwájú ẹlẹ́rìí, kí ó tẹ̀ka. Kí ẹ̀dà jẹ́ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ orí fóònù ni ẹ ti fi owó ránṣẹ́, àyè wà níbẹ̀ tí a ń kọ ìdí owó sí. Ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo.