Ẹ Má Fá Orí Ọ̀pẹ

Ní Sátidé tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ìpàdé àdúgbò wa n'Íbàdàn di ìjà. Ọ̀pẹ mẹ́fà ló fà á. Àwọn kan ní kí wọ́n gé gbogbo wọn dànù, pé imọ̀ gbígbẹ ń já lu mọ́tò, ẹyẹ ẹ̀gà ò sì jẹ́ kí àwọn sùn. Àwọn kejì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n, pé igi àwọn bàbá wa ni. Èmi ò bá ìkankan nínú wọn lọ. Ẹ jẹ́ ká tún wọn ṣe, ṣùgbọ́n ká ṣe é bó ṣe yẹ.

Méje ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, a pe ọmọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ agégi. Ó fá orí ọ̀kan kodoro: ó gé imọ̀ tútù, ó gé màrìwò, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. A pàtẹ́wọ́, a ní ó mọ́ tónítóní. Kò pẹ́ tí ọ̀pẹ yẹn kú. Ó dúró bí òpó iná tí ò ní wáyà, títí ìjì fi wó o lu ògiri aládùúgbò mi. Ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni o. Òun nìkan ló tún ògiri mọ. Àwa tá a pàtẹ́wọ́ ò rí nǹkan kan sọ.

Ọ̀pẹ kì í ṣe máńgòrò. Bẹ́ ẹ bá gé ẹ̀ka máńgòrò, á rú òmíràn. Ọ̀pẹ ò ní ẹ̀ka. Ojú kan ṣoṣo ló ti ń dàgbà, láàárín orí ẹ̀ níbi tí màrìwò ti ń yọ. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, ó parí. Nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, bí mo bá ṣèèṣì pa nǹkan rẹ́, mo lè tẹ Ctrl+Z. Ọ̀pẹ ò ní Ctrl+Z.

Imọ̀ tútù ni ọ̀pẹ fi ń jẹun. Èyí tó ti ń pọ́n pàápàá ṣì ń ṣiṣẹ́: bí potassium ò bá tó nínú ilẹ̀, ara imọ̀ àgbà ni igi ti ń fà á fún èyí tuntun. Àgbà tó ń bọ́ ọmọ lẹ̀ ń gé yẹn. Nítorí náà, èyí tó ti gbẹ, tó sì ti rọ̀ sílẹ̀, nìkan ni kẹ́ ẹ gé. Kẹ́ ẹ sì fọ ayùn kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí òmíràn. Ní California, àìsàn Fusarium máa ń bá ayùn rìn láti ọ̀pẹ kan dé ìkejì.

Wọ́n á ní, "Bí imọ̀ bá já lu ọmọ ńkọ́?" Òótọ́ ni. Imọ̀ wúwo, ó lẹ́gùn-ún, bí ọyẹ́ bá sì dé, kíá ló ń gbiná. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá àwọn tó ní ká má fọwọ́ kàn án lọ. Pé igi bàbá wa ni ò ní kó má ṣe ọmọ wa léṣe. Èyí tó bá sì sún mọ́ wáyà, kí wọ́n pa iná kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún.

Ẹ̀gà ńkọ́? Lóòótọ́, wọ́n ń já ewé ọ̀pẹ fi hun ilé. Ṣé igi tí ẹyẹ ti ń já léwé ló tún yẹ ká fá lórí? Ní ti ariwo, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú ò lẹ́nu láti bá ẹyẹ wí.

Wọ́n tún ní owó akọpẹ pọ̀. Ṣé ó pọ̀ tó owó ògiri? Akọpẹ tó mọṣẹ́ á fi igbà gùn ún, kò ní kan irin mọ́ ọn lára, torí ọgbẹ́ ara ọ̀pẹ kì í dí. Àwọn ìyá tó ń ṣe ìgbálẹ̀ á kó imọ̀, ẹyìn á di epo.

Sátidé tó ń bọ̀ la máa dìbò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bẹ́ ẹ bá ní ọ̀pẹ ládùúgbò yín, ẹ máa lọ sípàdé. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn lánlọ́ọ̀dù ni. Ayálégbé lèmi náà. Mẹ́fà ló kù. Mi ò fẹ́ ka márùn-ún.