Ladáànì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yàn

Ní ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí lónìí, ladáànì kì í wo òjìji mọ́ kí ó tó pe ìrun. Fóònù ni ó ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù náà kò mọ òòrùn. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti ń tọrọ àkókò, ilé-iṣẹ́ tí kò mọ mọ́ṣáláṣí náà rí, tí kò sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ohunkóhun fún jàmáà rẹ̀.

Ìṣirò fúnra rẹ̀ kò lẹ́bi. Ogún àwọn Mùsùlùmí ni. Ní ọdún 1371, Ibn al-Shatir, tí ó ń ṣọ́ àkókò ìrun ní mọ́ṣáláṣí ńlá Damásíkù, ṣe agogo olóòrùn sí ilé gogoro rẹ̀. Ṣùgbọ́n jàmáà mọ ẹni tí ó ṣe é, ibi tí ó dúró sí ni ó sì ṣírò fún.

Agogo kan ṣoṣo ni gbogbo Nàìjíríà ń lò, síbẹ̀ òòrùn Àbújá a máa fi ohun tí ó ju ìṣẹ́jú 10 lọ ṣáájú ti Èkó wọ̀. Bí ẹ̀rọ bá gbà pé Àbújá ni aláàwẹ̀ Èkó wà, omi ìṣínu yóò ti kọjá ọ̀fun rẹ̀ nígbà tí òòrùn ṣì ń wò ó. Òun ni yóò san ààwẹ̀ náà padà, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ yẹn. Ti Àsùbáà tún fara sin jù: àwọn kan ń ka àfẹ̀mọ́júmọ́ láti ìgbà tí òòrùn wà ní dígírì 18 nísàlẹ̀ ilẹ̀, àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà ń ka 15. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyàtọ̀ náà tó ìṣẹ́jú 12, ó sì pọ̀ tó fún ẹni tí ń jẹ sààrì láti jẹun wọnú ọjọ́. Bí wọ́n bá sì to Alásàrí sí ìlànà Hánáfì, ìrun àwọn tí ń tẹ̀lé Màlíkì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi wákàtí kan pẹ́.

Lèmọ́mù mìíràn, bí ó bá fura, a fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kún un. Ìṣọ́ra dára, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta kò lè dí àlàfo ìlú méjì.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣe ìkànnì fún mọ́ṣáláṣí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ibi tí a ti ń tò ó. Kí wọ́n yẹ orúkọ ìlú wò, àti dígírì, àti ìlànà Alásàrí. Kí ẹni méjì jáde síta ní ìrọ̀lẹ́ mélòó kan kí Rámádánì tó wọlé, kí wọ́n fi ojú wo òòrùn bí ó ti ń wọ̀. Bí àṣìṣe bá hàn, kí wọ́n kéde rẹ̀ ní gbangba lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹni tí ó ti ṣínu ṣáájú àkókò lè mọ iye ọjọ́ tí òun jẹ.