Ẹ Sún Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan, Kí Àgbádárìgì Lè Hàn

Èmi kò sí lára àwọn tó ń sọ pé ká má yọ fóònù ní Gberefu. Ẹ ya fọ́tò! Èyí tí mi ò fara mọ́ ni kí ojú wa gba gbogbo àwòrán, kí Point of No Return wá di òjìji lẹ́yìn wa. Wọ́n kó àwọn ẹrú kọjá ọ̀sà, wọ́n sì fẹsẹ̀ rin iyanrìn yẹn dé etí òkun. Ọ̀nà yẹn ló yẹ kó hàn.

Gúúsù ni òkun wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ lọ láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, kí oòrùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lọ́sàn-án, iyanrìn á máa dán yòò, fóònù á sì sọ ojú èèyàn di òkùnkùn (ẹ má dá àwọ̀ wa lẹ́bi). Ẹ fọwọ́ kan ojú ẹni náà lórí fóònù, ìmọ́lẹ̀ á tún ara rẹ̀ ṣe. Iyọ̀ òkun a máa bo ojú kámẹ́rà, ẹ nù ún. Ní ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845, ẹ ṣáà rìn sẹ́yìn dáadáa.

Àmọ́ nínú Baracoon Sẹ́ríkì Fárẹ̀mí Williams Abass, ẹ pa iná fóònù. Yàrá tó ṣókùnkùn ni, ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn. Ẹ má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kọ́rùn rẹ́rìn-ín. Ẹ ya òun nìkan, kí ẹ sì kọ ohun tó jẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sórí Instagram.