Ìbọn Tí Ń Wọn Ọkàn: Agbára àti Àléébù Psycho-Pass

Nínú ìpín àkọ́kọ́ Psycho-Pass, ọkùnrin oníṣẹ́ ibi kan jí ọ̀dọ́bìnrin kan gbé ní ìlú Tokyo, ó sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ rí màbo. Nígbà tí àwọn agbófinró pa ajínigbé náà, ó yẹ kí ìyà ọmọ yìí dópin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó wá gbà á sílẹ̀ wọn ọkàn rẹ̀ wò, ó rí i pé ìpayà ti da ọkàn náà rú, ó sì kà á mọ́ ọ̀daràn. Bí ẹ̀rù ti ń bà á sí i ni òǹkà rẹ̀ ń ga sí i, títí ìbọn fi dájọ́ ikú fún un. Ẹni tí a ṣẹ̀ di ẹni tí a fẹ́ pa.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ibi tí eré àwòrán ilẹ̀ Japan yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní anime. Ilé iṣẹ́ Production I.G ni ó ṣe é. Gen Urobuchi ni ó kọ ìtàn rẹ̀, Naoyoshi Shiotani sì darí rẹ̀. Ìpín 22 ni apá kìíní ní, a sì fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n láti oṣù kẹwàá ọdún 2012 títí di oṣù kẹta ọdún 2013. Ọdún 2112 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Sibyl ni ó ń wọn ọkàn gbogbo ará ìlú. Òun ni ó ń sọ iṣẹ́ tí ó yẹ wọ́n, òun náà ni ó sì ń sọ ẹni tí ó lè dá ọ̀ràn lọ́la. Bí òǹkà ẹnì kan bá kọjá 100, wọ́n lè tì í mọ́lé láìtíì ṣẹ̀; bí ó bá kọjá 300, ìbọn tí a ń pè ní Dominator lè fọ́ ara rẹ̀ yángá. Kò sí agbẹjọ́rò, kò sí ẹlẹ́rìí.

Agbára eré yìí wà níbẹ̀ gan-an. Àwọn bàbá wa sọ pé agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a ó wá pe ẹ̀rọ tí kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rárá? Akane Tsunemori, ọ̀dọ́bìnrin agbófinró tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ní ọjọ́ náà, kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n pa ẹni tí a ṣẹ̀. Ó yin ìbọn tí ń múni dákú lu Shinya Kogami, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Òǹkà tí ó ti ga bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ṣe ohun tí ìbọn kò lè ṣe. Bí a kò bá ti rí ohun tí ìbọn náà ń ṣe sí ara ènìyàn ṣáájú, a kì bá tí mọ bí àánú Akane ti wúwo tó.

Nínú ìpín 14, ọkùnrin kan dé akoto tí ń jí òǹkà ọkàn àwọn ẹlòmíràn lò, ó sì fi òòlù lu obìnrin kan pa ní gbangba ìta. Àwọn tí ń kọjá dúró, wọ́n ń wò ó. Kò sí ẹni tí ó dá a dúró. Wọ́n ti gbé ìmọ̀ rere àti búburú lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ pẹ́ débi pé, bí ẹ̀rọ kò bá fọhùn, ojú wọn kò rí ibi. Ìwà ipá tí ó ń kọ́ni lọ́gbọ́n ni èyí.

Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí ó dùn náà lè ní egungun. Láti ìpín 6 dé ìpín 8, ìtàn wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń fi òkú wọn ṣe ère. Eré náà pẹ́ lórí òkú àwọn ọmọ wọ̀nyí ju bí ó ti pẹ́ lórí ìgbésí ayé wọn lọ. A rí ara wọn, a kò mọ̀ wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ wà fún ìran wíwò lásán. Àléébù kejì ni àpọ̀jù ọ̀rọ̀: Shogo Makishima, olórí apààyàn inú ìtàn náà, fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí ìwé àwọn òǹkọ̀wé Yúróòpù, débi pé nígbà mìíràn ìtàn dúró kí ó lè kàwé. Ẹ̀kẹta ni apá kejì, tí ó jáde ní ọdún 2014 pẹ̀lú ìpín 11. Kì í ṣe Urobuchi ni ó kọ ọ́ mọ́. Lójú tèmi, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i níbẹ̀, ìrònú sì dín kù.

Ní ilẹ̀ Japan, òru ni wọ́n fi eré yìí hàn, nígbà tí àwọn ọmọdé ti sùn. Tẹlifóònù ọwọ́ wa kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 11, fi fídíò kékeré kan hàn mí, tí kò tó ìṣẹ́jú kan: ìbọn náà dún, ara ọkùnrin kan wú, ó sì fọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Mo bi í léèrè ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́.

«Bàbá, n kò mọ̀.»

«Kí ni ó ṣe?»

«N kò mọ̀.»

Ó mọ orúkọ ìbọn. Kò mọ orúkọ Akane. Ẹni tí ó gé fídíò náà ti yọ àánú kúrò nínú rẹ̀, ó sì fi ikú nìkan sílẹ̀ fún ọmọdé. Ọmọ wa wá dúró bí àwọn ará ìta inú ìpín 14: ó ń wo ikú, kò sì rí ènìyàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì tó ọdún 16 wo eré yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí yín tó, ẹ wo apá kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má wò ó ní gígé-gígé. Ẹ fo ibi tí ọkàn yín kò bá gbà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. N kò ní tú àṣírí ohun tí Sibyl jẹ́ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti àgbà kan, kí ẹ jọ sọ ọ́: bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ mọ inú mi jù mí lọ, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ mi?

Èmi àti ọmọ àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ tiwa. Eré náà di ọdún márùn-ún sí i. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ ìtàn ọ̀dọ́bìnrin inú ìpín àkọ́kọ́ fún un, láìsí àwòrán. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti kọ ìbọn sí ẹni tí a ṣẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, «Bàbá, kí ló dé tí wọn kò kọ́kọ́ bi í léèrè?»