Ilé Tí A Kọ́, Ọmọ Tí A Kọ́

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ tẹ́tí sí òwe náà dáadáa: ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn àgbà lò fún ọmọ àti fún ilé. Kíkọ́ ni méjèèjì. Ẹni tó bá kọ́lé tí kò kọ́mọ, ààbọ̀ iṣẹ́ ló ṣe.

Ní Ghana, ọ̀rọ̀ ogún ní ìtàn tirẹ̀. Láàárín àwọn Akan, ìdílé ìyá ni ogún ń bá lọ. Bí ọkùnrin bá kú, ọmọ arábìnrin rẹ̀ ló máa ń jogún rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó bí. Ní 1985 ni ìjọba Ghana ṣe Òfin PNDC 111, pé bí ẹnìkan bá kú láìṣe ìwé ìhágún, kí aya tàbí ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìpín gidi nínú ohun tó fi sílẹ̀. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé ni òfin lè fún ọmọ. Kò lè fún un ní ọgbọ́n tí a fi ń mú ilé dúró.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn òfin náà, ní 1989, Kwabena Adjei dá ilé-iṣẹ́ ọtí Kasapreko sílẹ̀ ní Accra. Alomo Bitters, ọtí tí wọ́n fi egbòogi ilẹ̀ wa ṣe, ló sọ wọ́n di olókìkí títí dé Nàìjíríà. Richard Adjei, ọmọ rẹ̀, ló wá gba ìdarí lẹ́yìn náà. Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, odò àkọ́kọ́ nìyẹn tí gbogbo okòwò ìdílé gbọ́dọ̀ là kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà tó wà níwájú ṣe lè gùn tó, ẹ wo ìdílé Antinori ní ìlú Florence, ní Ítálì. Ní 1385 ni Giovanni di Piero Antinori wọ ẹgbẹ́ àwọn oníwáìnì ìlú náà. Ìran 26 ló ti wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Ìdánwò dé bá wọn: ní àwọn ọdún 1980, ìpín kan nínú ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Whitbread, àwọn ọlọ́tí Gẹ̀ẹ́sì. Piero Antinori kò sinmi títí ó fi rà á padà. Ọmọ mẹ́ta ló bí, obìnrin ni gbogbo wọn, kò sì tìtorí èyí wá arọ́pò síta. Nídìí iṣẹ́ wáìnì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Albiera, àkọ́bí, ló sì di ààrẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Accra. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, àwọn ọmọ ogun wó ọjà Makola Nọ́ńbà 1, wọ́n ní àwọn obìnrin oníṣòwò ló fa ọ̀wọ́n gógó. Ìsọ̀ lọ, ẹrù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin ti jókòó ti ìyá wọn nídìí àtẹ láti kékeré. Wọ́n mọ ẹni tí a ń tà láwìn fún, wọ́n mọ ibi tí ọjà ti ń wá. Ọgbọ́n yẹn kò sí lára ògiri tí wọ́n wó. Títí dòní ni Accra ń ná ọjà Makola.

Ọmọ tí a kò kọ́ lè gbé ilé tó dúró ṣánṣán tà. Bí ilé bá sì wó, ọmọ tí a kọ́ ni yóò tún un kọ́.